Ìlù Yí Padà, Ijó Yí Padà: Bí Mọ́tò Iná Ṣe Lè Jẹ Iná Díẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé orí ìdúró lẹ ti ń ka pátákó ìròyìn wa yìí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn náà rí i kà.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí dá lórí mọ́tò. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sí ọjà o. Mọ́tò iná ni mo ní lọ́kàn, èyí tó wà nínú fáànù, nínú fíríìjì, nínú pọ́ńpù omi, tó jẹ́ pé bí a bá ti fún un níná, yíyí ló máa ń yí. Ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, òun ló ń ti omi, òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn, òun ló ń lọ nǹkan, òun náà ló ń gbé ẹrù. Ìwádìí tí International Energy Agency gbé jáde ní ọdún 2011 sọ pé nínú gbogbo iná mànàmáná tí aráyé ń lò, àwọn ẹ̀rọ tí mọ́tò iná ń yí ló ń jẹ ìdá 43 sí 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ẹ wá rí i? Ilé iṣẹ́ tó ń pa gílóòbù kiri nítorí owó iná, tí kò wo mọ́tò rẹ̀, ó dà bí ẹni tí màlúù wọ oko rẹ̀, tó wá ń lé tata.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, ìyẹn àjọ tó ń ṣe àkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan. Band A ni àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí, ó kéré tán, lójúmọ́. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n dín in kù díẹ̀ sí ₦206.80. Nínú ilé, a lè ní ká pa fáànù kan. Ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ iná ní ilé iṣẹ́ kan ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ní sáà tó kọjá, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá káwọn dá iṣẹ́ òru dúró, nítorí owó iná ti fẹ́ ju èrè lọ. Òbí àwọn kan nínú wa wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀. Owó iléèwé wà nínú ẹ̀, oúnjẹ wà nínú ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá mi gbọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ nídìí oúnjẹ: "Kí wọ́n tó dá èèyàn dúró, ṣé wọ́n ti wo pọ́ńpù?"

Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe pọ́ńpù. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi, pẹ̀lú èyí tí mo rí nínú ìwé, àti èyí tí tíṣà Físíìsì wa bá mi yẹ̀ wò, ni mo kó jọ síbí.

IBI TÍ INÁ Ń ṢÒFÒ SÍ

Àwọn ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike máa ń gbóná gan-an. Nítorí náà, pọ́ńpù kan wà tó ń gbé omi tútù yí wọn ká tọ̀sán-tòru. Omi yẹn á lọ, á gba ooru lára ẹ̀rọ, á padà lọ tutù, á tún lọ. Nígbà tí wọ́n ń ra pọ́ńpù náà, èyí tó tóbi ni wọ́n rà, kó lè tó fún gbogbo ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú jù lọ. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ọjọ́ mélòó ni irú rẹ̀ nínú ọdún? Bó bá di òru, tí ojú ọjọ́ tutù, tí ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta sì wà ní pípa, omi tí wọ́n nílò á dín.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n á yí fáàfù, wọ́n á tì í díẹ̀. Omi á dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́tò ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Eré tó ń sá tẹ́lẹ̀ náà ló ń sá. Agbára rẹ̀ ló wá ń fi ti omi mọ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti tì sí i lójú.

Ẹ fojú inú wo awakọ̀ dáńfó kan tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, tó wá ń fi ẹsẹ̀ kejì tẹ búréèkì kí ọkọ̀ má bàa sáré jù. Èrò inú ọkọ̀ á pariwo! Wọ́n á ní, "Dẹ̀rẹ́bà, ṣé ara yín yá?" Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe sí pọ́ńpù àti fáànù wọn lójoojúmọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì pariwo, torí mítà kì í sọ̀rọ̀ àfi níparí oṣù.

KÍ LÓ DÉ TÍ MỌ́TÒ Ò LÈ RỌRA SÁRÉ FÚNRA RẸ̀?

Àwọn mọ́tò tó wọ́pọ̀ jù ní ilé iṣẹ́ jẹ́ irú èyí tí Nikola Tesla gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1888. Iná AC ló ń lò. Ẹ̀yin tó ń ṣe Físíìsì mọ̀ pé iná AC kì í lọ sójú kan, ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀. Ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí à ń pè ní 50 Hz nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé iná ni onílù, kí mọ́tò jẹ́ oníjó. Bí onílù bá ṣe ń lù ú ni oníjó ṣe ń jó o. Mọ́tò onípóòlù mẹ́rin tó bá ń gbọ́ ìlù 50 Hz, ó yẹ kó yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń rẹlẹ̀ sí i díẹ̀, bí 1,450 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí pọ́ńpù nílò omi púpọ̀, 1,450. Bó nílò omi díẹ̀, 1,450 náà ni. Ìlù kan ṣoṣo ni NEPA mọ̀ ọ́n lù, ijó kan ṣoṣo náà ni mọ́tò ń jó.

Ẹnì kan lè ní, "Fáànù ilé wa ńkọ́? Ṣebí ó ní rẹ́gúlétọ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fólítéèjì ni rẹ́gúlétọ̀ ń dín kù, kò yí ìlù padà. Ó dà bí ìgbà tí ebi ń pa oníjó, tí kò lè bá ìlù mọ́. Fún fáànù kékeré, ìyẹn kò burú. Bí a bá ṣe é fún mọ́tò ńlá tó ń ti omi, ó lè gbóná títí á fi jó.

ONÍLÙ TUNTUN

Ibí yìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní variable speed drive ti wọlé. Àwọn oníṣẹ́ iná kì í pe orúkọ gígùn yẹn. "Drive" ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn a ní VFD, àwọn kan a ní "inverter". Ó dà bí àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, àárín iná NEPA àti mọ́tò ló sì ń dúró sí. Ilé iṣẹ́ Danfoss ti orílẹ̀-èdè Denmark ti ń ṣe é fún títà láti ọdún 1968, nítorí náà kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti kéré sí i, ó sì ti wọ́pọ̀ sí i ju ti àtijọ́ lọ.

Apá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀:

Apá kìíní ń gba iná AC láti ìta, ó ń sọ ọ́ di iná DC, ìyẹn iná tó ń lọ sójú kan.

Apá kejì ni kápásítọ̀, tó dà bí tánkì omi. Òun ló ń tọ́jú iná DC náà, tó ń mú kó dúró déédéé.

Apá kẹta ni onílù fúnra rẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kùn iná kéékèèké wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IGBT. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń tì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣí pẹ́ tàbí kí wọ́n tètè tì ni wọ́n fi ń hun iná AC tuntun, tí ìlù rẹ̀ jẹ́ iye tí a bá fẹ́. A lè ní kó lu 50, a lè ní kó lu 40, a lè ní kó lu 30. Bó ṣe ń dín ìlù kù náà ló ń dín fólítéèjì kù pẹ̀lú rẹ̀, kí mọ́tò má bàa gbóná.

Ìlù bá yí padà, ijó náà yí padà. Ní 40 Hz, mọ́tò tó yẹ kó yí ní 1,500 á wá máa yí ní 1,200. Kò sí pé à ń ti fáàfù mọ́. A ṣí i sílẹ̀ gbayawu, pọ́ńpù sì ń rọra ti ìwọ̀n omi tí a nílò. A tún lè so ẹ̀rọ tó ń wo bí omi ṣe gbóná tó mọ́ ọn, kí drive máa yí ìlù padà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde lóru.

ÌṢIRÒ TÓ YÀ MÍ LẸ́NU

Bí a bá dín eré pọ́ńpù kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá mélòó ni iná á fi dín? Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní 20. Rárá o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì!

Ìdí rẹ̀ rèé. Iye omi tí pọ́ńpù ń gbé jáde ń bá eré rẹ̀ lọ ní dọ́gbadọ́gba: eré ìdajì, omi ìdajì. Ṣùgbọ́n agbára tí omi fi ń jáde, ìyẹn bó ṣe ń ti nǹkan tó, ń bá eré lọ ní ìlọ́po ara rẹ̀: bí eré bá di ìdajì, títì náà á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ rántí ½mv² tí a kọ́ ní SS1, eré ibẹ̀ náà ni a ń fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Iná tí pọ́ńpù ń jẹ sì ni iye omi, tí a fi bó ṣe ń ti nǹkan sọ di púpọ̀. Ìdajì nínú ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́jọ nìyẹn. Èyí ni pé eré ní ìgbà mẹ́ta ni a máa fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí eré bá jẹ́ 0.8, a ó ṣe 0.8 × 0.8 × 0.8, á fún wa ní 0.512.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún:

Eré 100, iná 100
Eré 90, iná 73
Eré 80, iná 51
Eré 70, iná 34
Eré 60, iná 22
Eré 50, iná 12.5

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún fáànù ńlá tó ń fẹ́ atẹ́gùn, torí omi àti atẹ́gùn, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù níbí yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ lò o, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Ká ní mọ́tò pọ́ńpù kan ń jẹ kílówáàtì 15 nígbà tí fáàfù wà ní ṣíṣí, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá lóru, fún òru 26 lóṣù. Ká ní yúnìtì kan jẹ́ ₦200. Omi tí wọ́n nílò jẹ́ ìdá 80.

Bí wọ́n bá ti fáàfù, ká ní ó ń jẹ kílówáàtì 13.5. Lóru kan, yúnìtì 135, owó rẹ̀ jẹ́ ₦27,000.

Bí wọ́n bá lo drive, ìdá 51 nínú 15 jẹ́ bíi 7.7. Drive náà ń jẹ díẹ̀ fún ara rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní 8. Lóru kan, yúnìtì 80, owó rẹ̀ jẹ́ ₦16,000.

Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦11,000 lóru kan. Lóṣù, ₦286,000. Ìyẹn lára pọ́ńpù kan ṣoṣo! Bí drive àti owó ẹni tó so ó bá jẹ́ ₦1,430,000, oṣù márùn-ún ni á fi san owó ara rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn, èrè ni. Ẹni tó bá mọ owó oṣù òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ládùúgbò wa á mọ̀ pé ₦286,000 kì í ṣe owó tí à ń fi ti omi mọ́ ìlẹ̀kùn.

Àǹfààní kejì tún wà. Bí a bá tan mọ́tò ńlá lójijì, iná tó máa fà lẹ́ẹ̀kan náà lè tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́jọ iye tó ń fà lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi ń ṣẹ́jú bí pọ́ńpù bá gbéra. Drive máa ń bẹ̀rẹ̀ ìlù jẹ́jẹ́, kó tó máa gbé e sókè. Bẹ́líìtì kì í tètè já, jẹnẹrétọ̀ náà kì í kérora.

KÌ Í ṢE GBOGBO MỌ́TÒ LÓ YẸ FÚN

Tíṣà wa sọ fún mi pé ẹni tó bá ń ṣàlàyé oògùn gbọ́dọ̀ sọ àìsàn tí kò lè wò. Nítorí náà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má bàa tà á fún yín bí àgbo gbogbo-n-ṣe.

Bí mọ́tò bá gbọ́dọ̀ sá eré tó lágbára jù lọ nígbà gbogbo, drive ò ní dín nǹkan kan kù. Yóò tiẹ̀ tún fi díẹ̀ kún un, torí òun náà ń jẹun.

Ẹ̀rọ tó ń lọ ata, ayùn tó ń la pákó, àti bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù kò tẹ̀lé ìṣirò tí mo ṣe sókè. Bí ẹ bá dín eré wọn kù sí ìdajì, iná lè dín sí bí ìdajì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ fi wákàtí kan ṣe á di wákàtí méjì. Kí lẹ wá jèrè?

Pọ́ńpù tó ń gbé omi gun òkè náà yàtọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ti ń ro kànga ẹ̀rọ iléèwé wa lọ́kàn. Omi ibẹ̀ ń ti inú ilẹ̀ lọ sínú tánkì tó wà lórí òpó. Bí a bá dín eré pọ́ńpù yẹn kù jù, omi ò ní dé òkè rárá, pọ́ńpù á kàn máa yí lásán. Tánkì kún, a pa á. Tánkì gbẹ, a tàn án. Ìyẹn ti tó o. Ohun tí tiwa nílò ni pé kí ẹni tó ń wo tánkì má jẹ́ kó kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ibi tí drive ti ń dáa jù ni ibi tí pọ́ńpù tàbí fáànù ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀, tí iye tí wọ́n nílò ń lọ sókè sódò, tí fáàfù tàbí ìlẹ̀kùn atẹ́gùn sì máa ń wà ní títì díẹ̀ nígbà gbogbo.

Ó tún ń fẹ́ ìtọ́jú. Eruku àti ooru ò bá a lára mu. Mọ́tò tó bá ń yí jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lè gbóná, torí abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ wà lórí ọ̀pá kan náà, òun náà ti ń yí jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ iná, ẹ gbọ́: bí wọ́n bá pa drive, ẹ má ṣí i lójú ẹsẹ̀! Iná ṣì wà nínú kápásítọ̀ yẹn, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÁ ṢE

Bàbá mi ti ń kọ iye yúnìtì tí pọ́ńpù yẹn ń jẹ lóròòru sínú ìwé kan, pẹ̀lú bí fáàfù ṣe wà ní títì tó. Ìwé yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé síwájú àwọn aláṣẹ. Wọn ò tíì pinnu. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ tó ní nọ́ńbà nínú máa ń ṣòro láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ní ilé iṣẹ́, ilé ìgbẹran, ilé yìnyín tàbí ilé omi inú ọ̀rá, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin yìí: Pọ́ńpù tàbí fáànù wo ló ń ṣiṣẹ́ pẹ́ jù? Ṣé fáàfù rẹ̀ máa ń wà ní títì díẹ̀? Yúnìtì mélòó ló ń jẹ lójúmọ́? Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Bí wọn ò bá mọ ìdáhùn ìkẹta, ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dín ohun tí kò wọ̀n kù.

Bí ẹ bá sì rí ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n kọ "inverter" sí lára, ẹ ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Onílù yẹn náà ni, ó ń lu ìlù jẹ́jẹ́ fún mọ́tò inú rẹ̀ bí yàrá bá ti tutù.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè tàbí àtúnṣe, kó kọ ọ́ sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yẹn, kó mú un wá, a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.